Ọ̀túnba Mobọ́lájí, Àjàrà, àti Òfin Keje

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin èèyàn mi, torí ọ̀rọ̀ Ọ̀túnba Theophilus Mobọ́lájí kì í ṣe ohun tí à ń fi ìdúró gbọ́. Bẹ́ẹ̀, nígbà tó wà lórí àga, ìdúró gan-an ló fẹ́ kí gbogbo ayé máa fi gbọ́ òun. Òun ni Olùdarí Àgbà fún Àjọ Ìgbélárugẹ Ìmọ̀ Gbogbogbòò ní Ìjẹ̀bú-Òde. Tí ẹ bá bi mí pé kí ni àjọ náà ń ṣe gan-an, màá ní kí ẹ lọ bi àwọn tó dá a sílẹ̀. Mo gbọ́ pé àwọn náà ṣì ń wá ẹni tí wọ́n máa bi.

Láràárọ̀, kí ọkọ̀ Ọ̀túnba tó yà wọ ọgbà, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlélógún á ti tò sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Awakọ̀ á ṣílẹ̀kùn. Ọ̀túnba á yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún síta, á dá a dúró síbẹ̀ díẹ̀, kí ayé lè rí bàtà. Lẹ́yìn náà ni yóò bi ìbéèrè òwúrọ̀: "Kí ni olú-ìlú Mọngólíà?" Gbogbo wọn á ní, "A ò mọ̀ ọ́n, sà." Yóò dáhùn fúnra rẹ̀, wọn á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, iṣẹ́ ìjọba á sì bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni lọ́jọ́ Ajé gbogbo fún ọdún mẹ́rin. Ẹni tó bá mọ ìdáhùn lára wọn gbọ́dọ̀ tètè gbàgbé rẹ̀. Akọ̀wé kan ṣèèṣì dáhùn nígbà kan, ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n gbé e lọ sí Ibẹ̀fun, sí ọ́fíìsì tí kò ní tábìlì.

Ẹ wá sún mọ́ mi, kí n sọ ohun tí gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde mọ̀ tí ìjọba nìkan ò mọ̀. Ọjọ́ orí méjì ni Ọ̀túnba ní, bí ẹni tó ní aṣọ ilé àti aṣọ òde. Ọdún 1960 ni ìyá rẹ̀ bí i. Ọdún 1967 ni fáìlì rẹ̀ ní Abẹ́òkúta bí i. Òṣìṣẹ́ tó bá pé ọgọ́ta ọdún, ilé ló ń lọ, nítorí náà láti ọdún 2020 ló ti yẹ kí Ọ̀túnba ti wà nílé, kó máa bomi rin òdòdó. Ṣùgbọ́n ọdún 2025 rèé, fáìlì ṣì ní ọmọdé ni, ó ku ọdún méjì.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù ni igbákejì rẹ̀, Alhaja Mùínátù. Ọdún 1966 ni wọ́n bí òun nílé, ọdún 1966 náà ni wọ́n bí i nínú fáìlì, obìnrin náà kò ní ju ọjọ́ orí kan ṣoṣo lọ. Ọdún tó ń bọ̀ ni yóò pé ọgọ́ta. Bí Ọ̀túnba bá jókòó títí di 2027, Mùínátù á ti relé kí àga tó ṣófo, iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n á sì parí sí igbákejì. Èyí tó wá ń pa á lẹ́kún pa á lẹ́rìn-ín ni pé nígbà tó wà ní kíláàsì kìíní, Ọ̀túnba yìí ló máa ń fà á lọ́wọ́ sọdá títì lọ sílé ìwé. Bọ̀ọ̀dá Tìó ló ń pè é ládùúgbò títí dòní. Àmọ́ ní ọ́fíìsì, níwọ̀n bí fáìlì ti ní Mùínátù fi ọdún kan ju òun lọ, Ọ̀túnba kì í ṣìṣe. Á tẹ orí ba díẹ̀ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, á ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi wo ìwé yìí." Mùínátù á fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí kò tú àṣírí rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ rò ó wò. Nílùú tí gbogbo wa ti mọ ilé bàbá ara wa, ta ló fẹ́ jẹ́ ọmọ tó gun ọkọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta lọ ta ẹni tó fà á lọ́wọ́ sọdá títì? Mùínátù gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó sì há a lọ́fun fún ọdún márùn-ún.

Ó wá ṣe, Ọ̀túnba lọ sí ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́wàá kan ní ilẹ̀ Potogí. Wọ́n mú un wọ oko àjàrà, wọ́n fún un ní wáìnì tọ́ wò, orí rẹ̀ sì wú. Bó ṣe dé báyìí ló bá ìwé kan lórí tábìlì láti Abẹ́òkúta, pé kí gbogbo ilé iṣẹ́ ìjọba kọ́ aráàlú bí wọ́n ṣe ń tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́. Ẹlòmíì á fi ìwé ìjọba sí ibi kan, á fi wáìnì sí ibòmíì. Ọ̀túnba pò wọ́n pọ̀, ó sì pe ìpàdé pàjáwìrì.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "orílẹ̀-èdè tí kò bá mọ àjàrà kò tíì mọ ara rẹ̀. Mo fẹnu kan irú méje ní Potogí, mo sì gbọ́ ọ̀làjú tó ń rìn wọ inú mi lọ. Ìdíje ìmọ̀ tí à ń ṣe lọ́dọọdún, ńlá la máa ṣe é lọ́tẹ̀ yìí. Apá kìíní, àwọn atú-àṣírí tí òkìkí wọn kàn káyé. Apá kejì, àwọn irú àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì. Ẹni tó bá mọ méjèèjì, kí ló kù tí kò mọ̀?"

"Kò sí, sà," ni gbogbo ilé dáhùn.

Mùínátù nawọ́. "Ọ̀túnba, ta ló rí igi àjàrà rí ní Ìjẹ̀bú-Òde? Ṣé ká má kúkú bi wọ́n nípa ẹ̀gẹ́ àti gàrí, èyí tí wọ́n mọ̀ wá mọ́?"

"Ẹ̀yin àgbà," Ọ̀túnba dáhùn, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ṣàánú, "ẹ bi gàrí pé ọmọ ta ni, kò mọ̀. Ṣùgbọ́n àjàrà Kabanẹ́ Sofiyọ́n ní bàbá, ó ní ìyá. Kabanẹ́ Fránkì àti Sofiyọ́n Funfun ló jọ bí i. Ìran àtàtà ni."

"Ilé rere ló ti wá, sà," akọ̀wé kan ní, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Luqman ni òṣìṣẹ́ tí wọ́n yàn láti máa ka ìbéèrè lọ́jọ́ ìdíje. Ó dìde, ó fọwọ́ ra orí. "Sà, Mùsùlùmí ni mí. Kí n máa pe orúkọ ọtí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣé kò ní di ẹ̀ṣẹ̀ sí mi lọ́rùn?"

Ọ̀túnba kì í fi ọ̀rọ̀ ńlá ṣeré. Ó gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún kalẹ̀, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jókòó, wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín ìjọba, wọ́n sì gbé ìdájọ́ jáde: kí Luqman máa pe àjàrà bí èso, kó má pè é bí ọtí, kó sì máa fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn gbogbo ìbéèrè mẹ́ta. Luqman dúpẹ́. Kí ló tún fẹ́ ṣe?

Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ni Ọ̀túnba ní kó wá díje. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ṣe Ìjẹ̀bú, ẹ gbọ́: àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mẹ́ta sí ara wọn la máa ń tò sínú ẹgbẹ́ kan, ibẹ̀ lẹ máa wà títí dọ́jọ́ alẹ́, ẹ ò sì lè fi irọ́ wọ̀ ọ́, torí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé ló jókòó tì yín yẹn. Ẹgbẹ́ Tọbalẹ́yìn ni ti àwọn tí wọ́n bí láti 1959 sí 1961, Ọ̀túnba fúnra rẹ̀ sì ni ààrẹ wọn. Ẹgbẹ́ Fọbaṣayọ̀ ni ti àwọn tí wọ́n bí láti 1965 sí 1967.

Ìṣòro kan wà. Ní ìdíje ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ àwọn bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún kan gbé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wá, wọ́n fi ẹfun kun irùngbọ̀n rẹ̀, ó sì gba ipò kìíní. Kí irú ẹ̀ má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́, Ọ̀túnba mú bírò rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ó kọ Òfin Keje: "Olùdíje kọ̀ọ̀kan yóò búra ní gbangba, yóò sọ ọdún tí a bí i, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan yóò jẹ́rìí sí i, igbákejì olùdarí yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Òfin yìí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀."

Mùínátù ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wọlé tọ Ọ̀túnba lọ, ó rọra tilẹ̀kùn.

"Ọ̀túnba, Òfin Keje yìí, mo ń bẹ̀rù kó má lọ kan ẹni tí a ò ní lọ́kàn."

"Ẹ̀yin àgbà," Ọ̀túnba ní, "òfin tí mo bá fọwọ́ mi kọ, ẹni tí mo bá rán an sí ló ń kàn." Ó lu òǹtẹ̀ ìjọba mọ́ ọn.

Mùínátù ti kìlọ̀ o. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò kìlọ̀.

Bí ìwé ìkéde ti jáde ni ìlú yí padà. Ní Ayépé, wọ́n ń jí fi àjàrà kí ara wọn. Ní Odògbolú, òṣìṣẹ́ kan sọ ewúrẹ́ rẹ̀ ní orúkọ àjàrà kan, Ṣádònẹ́, ewúrẹ́ náà sì ń jẹ́ ẹ. Télọ̀ kan lóun máa kọ ìyàwó òun sílẹ̀, ó ń pè é ní Snowden atú-àṣírí, torí obìnrin náà sọ fún oníbàárà iye mítà tí ọkọ rẹ̀ ń yọ nínú aṣọ wọn fi ṣe ṣòkòtò ara rẹ̀. Àwọn bàbá tí wọn kì í ka ìwé mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ń fi awò ńláńlá wá àjàrà Mẹlọ́ àti Témpraníyò nínú fóònù ọmọ wọn.

Kí wá ló ti Ọ̀túnba fúnra rẹ̀ wọ ìdíje? Ife ni. Ife ẹ̀yẹ dé láti Èkó, ó ń dán gbinrin, wọ́n fín àwòrán Ọ̀túnba sí i níwájú àti lẹ́yìn. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ó wo ojú ara rẹ̀ títí, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́. Ṣé ẹlòmíì ló máa wá gbé ojú òun lọ sílé rẹ̀, kó máa fi eruku bò ó nínú pálọ̀? Ó ní èèwọ̀. Ní ìpàdé Tọbalẹ́yìn tó tẹ̀ lé e, ó dábàá ara rẹ̀, ó gbe àbá náà lẹ́sẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ fún ìfọkàntán. Ti pé ìbéèrè àti ìdáhùn wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan sí i. Ó ní olùdarí gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń darí.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń wò mí pé, ṣé ọkùnrin yìí ò rántí Òfin Keje ni? Ó rántí. Kò kàn gbà pé ọjọ́ orí ìlú àti ọjọ́ orí ìjọba lè pàdé. Ó ti fi ọgbọ̀n ọdún gbé wọn sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn ò sì kí ara wọn rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ ni ìdíje bọ́ sí. Gbọ̀ngàn kún, wọ́n ń jókòó sórí fèrèsé. Àlejò pàtàkì wá láti Abẹ́òkúta, Arábìnrin Mọ́ṣádé Oyètúndé, ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀túnba fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé pè é, pé kó wá ka ìtàn ìgbésí ayé òun fún aráàlú, láti inú fáìlì gan-an, kó má bàa dà bíi pé òun ló ń yin ara òun.

Wọ́n fi ogójì ìṣẹ́jú kí Ọ̀túnba. Wọ́n pè é ní òkun ìmọ̀, wọ́n pè é ní ilé ìkàwé tó ń rìn, akọ̀wé kan tilẹ̀ ní bí kò bá sí Ọ̀túnba, ìmọ̀ ì bá ti kúrò ní Ìjẹ̀bú lọ sí Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni Mọ́ṣádé gun orí pèpéle, ó ṣí fáìlì.

"A bí Ọ̀túnba Theophilus Mobọ́lájí," ó kà á ketekete, "ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọdún 1967."

Ẹ̀rín bú láti ibi tí àwọn Tọbalẹ́yìn jókòó sí. Ọ̀túnba rò pé ayọ̀ ni, ó juwọ́ sí wọn.

Luqman wá bọ́ síwájú, ó ní kí olùdíje kìíní jáde wá fún Òfin Keje. Ọ̀túnba dìde, ó gbọn agbádá, ó fọwọ́ lé Bíbélì, ó búra. Mùínátù jókòó sídìí tábìlì, ìwé ńlá wà níwájú rẹ̀, kálámù wà lọ́wọ́ rẹ̀. 

"Ọdún wo ni wọ́n bí yín, Ọ̀túnba?"

Nínú gbogbo ìbéèrè ọjọ́ náà, èyí nìkan ni kò sí nínú dúrọ́ọ̀. Ọ̀túnba la ẹnu, ó rí Mọ́ṣádé níwájú pẹ̀lú fáìlì lórí itan, ó pa ẹnu dé. Ìgbà yẹn ni ọjọ́ orí méjèèjì ṣílẹ̀kùn, tí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. 

"Ẹ kọ ohun tó wà nínú fáìlì," ó rọra wí.

"1967 ni fáìlì wí," Mùínátù ní. Òun náà rọra sọ ọ́, àmọ́ makirofóònù wà níwájú rẹ̀.

Alàgbà Abdulazeez, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí Tọbalẹ́yìn yàn láti jẹ́rìí, dìde. "Èmi ò lè jẹ́rìí sí 1967. Ìyá mi ló fún ọkùnrin yìí lọ́mú nígbà tí ìyá tiẹ̀ ń ṣàìsàn. Ọmú kan náà la jọ mu. Tó bá jẹ́ 1967 ni, a jẹ́ pé mo ti wà nílé ìwé nígbà tí mo ṣì ń mu ọmú."

Gbọ̀ngàn rú. Láti ọwọ́ òsì, àwọn Fọbaṣayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, ọ̀kan nínú wọn sì ká ẹsẹ̀ kúrò lórí àga tó ṣófo. "1967, tiwa ni," ó ní. "Àbúrò, máa bọ̀ níbí. Àmọ́ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ ní ìlà kìíní."

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọ̀túnba lè fara da kí àga bọ́. Ó lè fara da kí òjò pa á. Ṣùgbọ́n kí wọ́n pe Ọ̀túnba Mobọ́lájí ní àbúrò, ní gbangba, ní Ìjẹ̀bú-Òde, pẹ̀lú ife tó ní ojú rẹ̀ lójú méjèèjì? Ohun kan gbé e láti inú wá. Ó já makirofóònù gbà lọ́wọ́ Luqman.

"Èmi? Àbúrò ta ni? Ọdún 1960 ni wọ́n bí mi! Mo fi oṣù mẹ́fà ààbọ̀ ju òmìnira Nàìjíríà lọ! Ẹni tó wà nínú fáìlì yẹn, èmi ò mọ̀ ọ́n rí. Mùínátù, kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣebí èmi ni mo fà ọ́ lọ́wọ́ lọ sílé ìwé?"

"Ẹ̀yin ni, Bọ̀ọ̀dá Tìó," Mùínátù ní. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Tọbalẹ́yìn gbé ààrẹ wọn sókè. Níwájú, Mọ́ṣádé wo fáìlì, ó wo pèpéle, ó yọ bírò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Bí ẹ bá rò pé Ọ̀túnba sá kúrò níbẹ̀, ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n. Ó díje. Ta ló kó ìwé àṣírí ogun Fiẹtináàmù fún àwọn oníròyìn ní 1971? "Ellsberg!" Ta ló tú àṣírí àwọn oníṣìgá? "Wigand!" Àjàrà wo ni wọ́n dá sílẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, ta sì ni òbí rẹ̀? "Pinotáàjì, ọmọ Pino Nọ́ọ̀ àti Sẹ́ńsò!" Luqman ń ṣan ẹnu, Ọ̀túnba ń dáhùn kí ó tó bi í tán. Ó wá ku ìbéèrè àṣekágbá, èyí tí ife wà lórí rẹ̀.

"Kí ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí atú-àṣírí ní ibi iṣẹ́ rẹ̀?"

"Iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀!" Ọ̀túnba ké e sókè, ó sì gba ife.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án ni lẹ́tà dé. Ó ní kí Ọ̀túnba kó ẹrù rẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì láti ọdún 2020 láìmọ̀. Ó gbéra, ó di Abẹ́òkúta, ó wọ ọ́fíìsì Mọ́ṣádé láìkànlẹ̀kùn.

"Ta ló tú àṣírí mi? Orúkọ ni mo fẹ́. Mùínátù ni, àbí?"

"Kì í ṣe òun, sà," Mọ́ṣádé ní. "A kì í sì í dárúkọ atú-àṣírí. Òfin dáàbò bò wọ́n."

"Mi ò ní kúrò níbí."

Mọ́ṣádé mí kanlẹ̀, ó yí fọ́ọ̀mù náà sí i. Ní ibi tí wọ́n ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó tú àṣírí sí, wọ́n kọ ọ́ ketekete: "Theophilus Mobọ́lájí, fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìbúra."

Ọ̀túnba kà á, ó tún un kà. Ó jókòó. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Ó ní kí wọ́n fún òun ní abala ìwé kan, ó sì kọ ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta sí ìjọba níbẹ̀. Ìkìíní, pé atú-àṣírí ni òun, wọn ò sì gbọdọ̀ fìyà jẹ atú-àṣírí, nítorí náà kí wọ́n dá òun padà sórí àga. Ìkejì, kí wọ́n fún òun ní ọlọ́pàá méjì tí yóò máa ṣọ́ òun lọ́wọ́ ọkùnrin tí òun tú àṣírí rẹ̀. Ìkẹta, kí wọ́n fi orúkọ òun sínú ìbéèrè ìdíje ọdún tó ń bọ̀, láàárín àwọn atú-àṣírí tí òkìkí wọn kàn káyé.

Abẹ́òkúta kọ ìkìíní, wọ́n kọ ìkejì. Ìkẹta, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ni, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Olùdarí Àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde fún ìpinnu.

Alhaja Mùínátù ti lo ọjọ́ mọ́kànlá lórí àga. Ọjọ́ kìíní, etí àga ló jókòó sí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ tó fi ní kí ẹnikẹ́ni má wọlé títí di ọ̀sán. Ó ku oṣù mẹ́wàá tí yóò fi relé, ó sì mọ iye ọjọ́ tó wà nínú wọn. Ó ka ẹ̀bẹ̀ Bọ̀ọ̀dá Tìó láti òkè dé ilẹ̀, ó bọ́ awò, ó nù ún, ó tún un kà. Ó ronú nípa Ellsberg, ó ronú nípa Wigand. Ó fẹ́ ṣe ẹ̀tọ́ fún ọkùnrin náà. Níkẹyìn ó mú kálámù, ó kọ ìpinnu rẹ̀ sí etí ìwé náà:

"Kò tíì lókìkí tó."

Ó buwọ́ lù ú, ó sì ní kí wọ́n gbé ìwé tó kàn wá.